Okùn ọwọ́, ṣíbí onígi àti owó orí: èsì ìbéèrè yín lórí ìgbéyàwó àwọn Celtic

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ wa tó ń mú ọkọ tàbí ìyàwó òyìnbó wálé ni fóònù mi ò ti sinmi. Mo ṣa àwọn ìbéèrè tó dá lórí Skọ́tlándì, Áyálándì àti Wélìsì jọ sójú kan, torí àwọn ló pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tètè sọ ọ́ o, kì í ṣe gbogbo òyìnbó Ìlú Ọba ni Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Celtic ni àwọn tí èdè ìbílẹ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: Gaelic ti Áyálándì àti ti Skọ́tlándì, èdè Wélìsì, èdè Breton tí wọ́n ń sọ ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, àtàwọn kéékèèké bíi Cornish àti Manx. Ọmọ Wélìsì kan, Edward Lhuyd, ló to àwọn èdè yìí pọ̀ sínú ìwé kan ní 1707, látìgbà náà lorúkọ yẹn ti mọ́ wọn lára. Ẹ má lọ pe bàbá ìyàwó ará Glasgow ní Gẹ̀ẹ́sì lójú ara ẹ̀ o, ìjà ló máa dà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọkùnrin mi tó wà ní Glasgow fẹ́ fẹ́ ọmọ Skọ́tlándì kan. Ọmọ náà gbọ́n, ó máa ń kí mi dáadáa lórí fídíò kọ́ọ̀lù, mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní lọ́jọ́ ìyàwó, wọ́n máa fi okùn so ọwọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, pé àṣà àtijọ́ ni, pé láyé ọjọ́un ọdún kan àti ọjọ́ kan lèèyàn fi ń dán ìyàwó wò, tí kò bá wọ̀ kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìmùlẹ̀ ni, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bàbá ọmọ náà tún ní ká mú aṣọ tiwa wá tí wọ́n á fi dì í. Ṣé kí n gbà? (Ìyá ọkọ, Bódìjà)

Mama, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n jẹun.

Handfasting lorúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yẹn. Ní Skọ́tlándì àtijọ́, tí ọkùnrin àti obìnrin bá di ọwọ́ ara wọn mú lójú èèyàn, tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa fẹ́ra, ìyẹn ni handfasting, ìtọrọ ìyàwó ni ká kúkú pè é. Ọwọ́ ni wọ́n ń dì mú o, okùn kọ́. Okùn aláràbarà tí ẹ ń rí nínú fídíò yẹn, nǹkan òde òní ni, àwọn tó fẹ́ jí ẹ̀sìn àtijọ́ dìde ní ọ̀rúndún 20 ló sọ ọ́ di ńlá, àwọn tí ò ṣẹ̀sìn kankan wá gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì náà tún gbà á, torí ká sòótọ́, ó máa ń dára nínú fọ́tò. Láti 2005 tí òfin ti gba àwọn Humanist, ẹgbẹ́ àwọn tí ò ṣẹ̀sìn kankan, láyè láti so èèyàn pọ̀ ní Skọ́tlándì ló tiẹ̀ tún wá wọ́pọ̀ sí i.

Ti ọdún kan àti ọjọ́ kan ńkọ́? Ìtàn yẹn dùn gbọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò múlẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Martin, ọmọ erékùṣù Skye, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1703 pé láyé àtijọ́ láwọn erékùṣù tiwọn, ọkùnrin lè mú obìnrin sọ́dọ̀ fún ọdún kan, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó fẹ́ ẹ, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó dá a padà sílé. Ẹ kíyè sí i pé òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ bí nǹkan tó ti kásẹ̀ ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni Walter Scott, òǹkọ̀wé wọn tó gbajúmọ̀ jù nígbà yẹn, gbé e sínú ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1820, gbogbo èèyàn kà á, àròsọ bá di ìtàn. Ìgbà tó di 1958 ni onímọ̀ òfin kan, A. E. Anton, wá tú gbogbo ẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìgbéyàwó dán-an-wò nínú òfin Skọ́tlándì, ìtọrọ ìyàwó lásán làwọn èèyàn ṣì gbọ́. Áyálándì náà ní irú ìtàn yìí tiwọn. Ní 1836, John O'Donovan gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Teltown, ní agbègbè Meath, pé níbẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin ti ń na ọwọ́ sí ara wọn láti inú ihò, tí wọn ò rí ojú ara wọn, tí wọ́n á sì di tọkọtaya. Tó bá di ọdún kan àti ọjọ́ kan tí wọn ò fẹ́ra mọ́, wọ́n á padà wá, wọ́n á kẹ̀yìn síra, ọ̀kan á gba àríwá, èkejì á gba gúúsù, ó parí. Ìtàn àgbọ́sọ ni, ẹ gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀ tiẹ̀ ju ti okùn lọ. Láyé ìgbà yẹn, tí ọkùnrin àti obìnrin bá sọ fún ara wọn pé "mo fẹ́ ọ lónìí", wọ́n ti di tọkọtaya nìyẹn lójú òfin, àlùfáà ò sí ńbẹ̀, bàbá ò sí ńbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de irú ẹ̀ ní 1753, wọ́n ní ẹni tí ò bá tíì pé 21, òbí ẹ̀ lè dá a dúró. Skọ́tlándì ò bá wọn ṣe é. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òbí wọn ò gbà fún bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sí Gretna Green, abúlé kan létí ẹnubodè, ọmọkùnrin 14 ọdún, ọmọbìnrin 12, òfin gbà á láyè, alágbẹ̀dẹ á jẹ́rìí sí i, á kan òòlù mọ́ ọmọ owú, ó tán. Àwọn bàbá ìyàwó á wá máa sáré bọ̀ lẹ́yìn nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó ti bọ́. Ìgbà tó di 1940 ni òfin tuntun tó pa ìyẹn rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tó máa so ọmọ yín àti ìyàwó ẹ̀ pọ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn ìwé ni. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ M10, kálukú gbọ́dọ̀ kọ tiẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì wọn ó kéré tán ọjọ́ 29 ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹlẹ́rìí méjì á fọwọ́ sí ìwé mìíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ rí i dájú pé ọmọ yín ti ṣe ìyẹn, torí àwọn ọmọ yìí á máa wá okùn aláwọ̀ mèremère kiri, wọ́n á gbàgbé fọ́ọ̀mù.

Ní ti aṣọ, ẹ gbà o! Ọ̀wọ̀ ni bàbá ọmọ náà bù fún yín. Ẹ ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, ẹ ní kí wọ́n bá yín hun sányán tàbí àlàárì, kí wọ́n má rán an pọ̀, ẹyọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bó ṣe ti orí òfì bọ̀ náà ló máa dùn ún dì. Kí pásítọ̀ yín gbàdúrà lé e lórí kẹ́ ẹ tó gbé e wọ bàálù, ọkàn ẹ̀gbọ́n yín á balẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń fẹ́ ọmọ Áyálándì. Mo ní kó bá mi béèrè kí ni wọ́n ń san lórí ìyàwó lọ́dọ̀ wọn, ọmọkùnrin náà ní àwọn kì í sanwó orí, pé àwọn kì í ta ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dénú. Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò sanwó orí rí? (Bàbá ìyàwó, Mọ́níyà)

Irọ́ ni, bàbá. Àbí kí n rọra sọ ọ́, ọmọ náà ò tíì bi àwọn baba ńlá ẹ̀ léèrè.

Òfin àtijọ́ Áyálándì wà lákọsílẹ̀. Apá kan nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cáin Lánamna, nǹkan bí ọdún 700 ni wọ́n kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti dúkìá wọn ló dá lé. Owó orí wà nínú òfin wọn dáadáa, coibche lorúkọ ẹ̀, ọkọ ló ń san án. Tí obìnrin bá lọ ilé ọkọ àkọ́kọ́, bàbá ẹ̀ ló ń gba gbogbo ẹ̀, tó bá wá kúrò níbẹ̀ tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíì, obìnrin náà á máa mú ìpín tiẹ̀ nínú owó yẹn. Ìyàwó tó bá kó dúkìá wá bíi ti ọkọ, ọkọ ẹ̀ ò lè dá ṣe àdéhùn tó máa pa wọ́n lára láìbá a sọ ọ́. Obìnrin sì lè kọ ọkọ, kó mú coibche ẹ̀ dání lọ: tí ọkọ bá lù ú tí àpá fi wà lára ẹ̀, tí kò bá bọ́ ọ, tó bá ń purọ́ mọ́ ọn káàkiri ìgboro, tàbí tó bá lọ ń ròyìn ohun tí wọ́n ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. (Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní kóòtù kọ́kọ́kọ́ tiwa o, ilé ò ní kù ní Ìbàdàn.)

Wọ́n tún ń kó obìnrin jọ. Wọ́n ti di onígbàgbọ́ tán nígbà náà, àmọ́ ìwé òfin wọn sọ pé ṣebí àwọn àyànfẹ́ Ọlọ́run nínú Májẹ̀mú Láéláé náà fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Cétmuinter ni wọ́n ń pe ìyálé. Òfin fún ìyálé ní ọjọ́ mẹ́ta tó lè fi ṣe ìyàwó tuntun léṣe, bí kò bá ṣáà ti pa á, ìyàwó tuntun náà sì láǹfààní láti fa irun, kó ya èékánná, kó sì bú u. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Àwọn tiwa ń fi ogún ọdún ṣe é láìsí òfin.

Wélìsì náà ní tiwọn, orúkọ ọba wọn Hywel Dda, tó kú ní nǹkan bí 950, ni wọ́n fi ń pe òfin yẹn. Ọkọ máa ń fún ìyàwó lẹ́bùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ kó tó dìde lórí ibùsùn, tí kò bá sọ ọ́ ó di ti àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá ti wà pọ̀ fún ọdún 7 tí wọ́n wá tú ká, ìdajì ìdajì ni wọ́n ń pín nǹkan, òfin tò ó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù ìyàwó: ọkọ á kó ẹlẹ́dẹ̀, ìyàwó á kó àgùntàn. Ọkọ á kó gbogbo adìyẹ àti ológbò kan, ológbò yòókù ti ìyàwó ni. Nínú ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn á tẹ̀ lé bàbá, ti àárín á tẹ̀ lé ìyá. Mo ka ibẹ̀ títí, àánú ọmọ àárín ṣe mí.

Kódà ṣáájú kí wọ́n tó bí Jésù, Julius Caesar tó lọ bá àwọn Celtic jà ní ilẹ̀ tó di Faransé lónìí kọ ọ́ pé iye tí ìyàwó bá mú wá láti ilé, ọkọ á fi iye kan náà tì í, wọ́n á jọ máa ṣírò èrè ẹ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn láàárín àwọn méjèèjì ló máa kó gbogbo ẹ̀.

Kí ló dé tí ọmọkùnrin yẹn ò mọ gbogbo èyí? Gẹ̀ẹ́sì ló pa òfin yẹn rẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún 17. Nígbà tó yá, owó wá yí padà, ó di pé bàbá ìyàwó ló ń sanwó, spré ni wọ́n ń pè é, àwọn alárinà á jókòó sí ilé ọtí, wọ́n á máa dúnàádúrà lé e. Bàbá ìyàwó náà kì í fọwọ́ bọ àpò lásán, á kọ́kọ́ lọ rìn yí oko ọkọ po, á ka màlúù, á wo bóyá ilẹ̀ náà gbẹ tàbí ó jẹ́ àbàtà. Ìyá ńlá ọmọkùnrin yẹn lè rántí ìyẹn dáadáa.

Torí náà, bàbá, ẹ gba owó orí yín níṣojú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún wọn níṣojú gbogbo wọn, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń ṣe báyìí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè pé ọmọ la fún yín, a ò tà á. Òun náà á gbọ́ ọ létí ara ẹ̀.

Alága ìdúró ni mí. Wọ́n ké sí mi síbi ìgbéyàwó kan tí ìdílé ọkọ jẹ́ òyìnbó Wélìsì, wọ́n ní kí n gé e kúrú, kí n má kọrin púpọ̀, pé àwọn òyìnbó ò ní lóye. Ṣé wọn ò ní irú ẹ̀ rárá ni? (Alága, Òkè-Àdó)

Ẹ má gé e kúrú! Lẹ́tà yín yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn, torí àwọn Wélìsì ló tiẹ̀ yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lóye yín.

Lọ́dọ̀ tiwọn, títí wọ inú ọ̀rúndún 19, láàárọ̀ ọjọ́ ìyàwó, ọkọ á rán àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sílé ìyàwó. Wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn tó wà níta á bẹ̀rẹ̀ orin, ewì ni o, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá wá. Àwọn tó wà nínú ilé á fi ewì dá wọn lóhùn pé ta ni yín, kí lẹ mú wá, ohùn yín ti há. Wọ́n á máa bú ara wọn lọ́nà ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewì lórí ewì, títí apá kan á fi yan ẹnu, pwnco ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá wọlé tán, ìyàwó ti sá pamọ́, nígbà míì wọ́n á ti wọ̀ ọ́ láṣọ bí ìyá arúgbó, wọ́n á mú un jókòó sí kọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n wá a rí. Lágbègbè Ceredigion, ẹṣin ni wọ́n ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n tàbí bùrọ̀dá ìyàwó á gbé e sẹ́yìn ẹṣin, wọ́n á fi eré sí i gba ọ̀nà mìíràn, ìdílé ọkọ á máa lé wọn, àwọn kan á já bọ́ sí kòtò, síbẹ̀ wọ́n á dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ará Brittany, ní Faransé, ni wọ́n tiẹ̀ wá jọ yín jù. Láyé àtijọ́, wọ́n ní alága méjì gan-an. Ti ọkọ ń jẹ́ bazvalan, aránṣọ ló sábà máa ń ṣe é, torí aránṣọ ló ń ti ilé dé ilé rán aṣọ, òun ló mọ ọmọbìnrin tó ti tó ọkọ àti iye tó wà lápò bàbá ẹ̀. Ẹ̀ka igi kan á wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan pupa, èkejì àwọ̀ mìíràn, kí gbogbo ìlú lè mọ ohun tó bá wá. Ti ìyàwó ń jẹ́ breutaer. Bazvalan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ẹyẹlé kan ló sọnù lọ́wọ́ àwọn, ṣé ó wọlé síbí. Breutaer á ní kò síbí, á wọlé lọ, á mú ọmọ kékeré kan jáde: ṣé òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ yìí ni? Bazvalan á yìn ín, á ní kì í ṣe òun. Wọ́n á mú ìyálé ilé jáde, á yìn ín bí irè oko tó ti gbó. Kì í ṣe òun. Wọ́n á wá mú ìyá àgbà jáde, èso tó ti hunjọ lórí igi. Kì í ṣe òun náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó jẹ́ kó wọlé wá ìyàwó fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, tẹ́ ẹ tún máa ń mú ọmọ mìíràn tó bo ìbòjú jáde kẹ́ ẹ fi gbowó lọ́wọ́ ọkọ, kí ló kù tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé fún wọn? Ẹ pe bàbá ọkọ síta kí ọjọ́ tó pé, ẹ sọ fún un pé pwnco ni. Ẹ ní kí wọ́n mú ẹnì kan tó lóhùn wá nínú ẹbí wọn, kó máa fi orin Wélìsì dá yín lóhùn níwọ̀n bí òun náà ò ti ní gbọ́ tiyín. Wọ́n fẹ́ràn orin o, ẹ múra, wọ́n lè borí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ mi tó jẹ́ ará Wélìsì fi ṣíbí onígi ránṣẹ́ sí i láti Cardiff gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ṣíbí! Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi wá ṣẹ̀sín? (Màmá Tósìn, Òkè-Ààrẹ)

Rárá, Màmá Tósìn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré nìyẹn. Láyé àtijọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn ló ń fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ṣíbí yẹn láti inú igi kan ṣoṣo, wọ́n á fi fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́, bàbá ọmọ náà á wò ó, á mọ̀ bóyá ọmọ yìí mọṣẹ́ ọwọ́. Èyí tó pẹ́ jù tí ọdún wà lára ẹ̀ ní Wélìsì wà ní mùsíọ́ọ̀mù St Fagans lẹ́bàá Cardiff níbẹ̀, 1667 ló wà lára ẹ̀. Ẹ wo ti ọmọ yín dáadáa: ọkàn ni ìfẹ́, kọ́kọ́rọ́ túmọ̀ sí pé ilé mi di tìrẹ, ṣéènì jẹ́ ìdè, kẹ̀kẹ́ túmọ̀ sí pé màá ṣiṣẹ́ bọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń yí nínú àgò, iye ọmọ tó fẹ́ bí ni wọ́n sọ pé ìyẹn. Ẹ kà á.

Òrùka Claddagh: ọwọ́ wo ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí? (Ìyàwó lọ́la, Ring Road)

Tí wọn ò bá tíì fẹ́ ẹ, ọwọ́ ọ̀tún, kí ṣóńṣó ọkàn yẹn kọjú síta. Tẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ọwọ́ òsì, kó kọjú sínú. Ọwọ́ méjì tó di ọkàn mú jẹ́ ọ̀rẹ́, ọkàn fúnra ẹ̀ ìfẹ́, adé orí ẹ̀ òótọ́ inú. Claddagh ni abúlé àwọn apẹja tó wà létí Galway, ní Áyálándì. Ìtàn wọn ni pé àwọn ajínigbé orí òkun kó ọmọ Galway kan, Richard Joyce, lọ sí Algiers ní nǹkan bí 1675, wọ́n tà á fún alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1689 ó kọ̀ láti dúró fẹ́ ọmọ ọ̀gá ẹ̀, ó padà sílé. Bóyá gbogbo ẹ̀ lóòótọ́ bóyá wọ́n bu iyọ̀ sí i, àwọn òrùka tí àmì Joyce wà lára wọn láti nǹkan bí 1700 ṣì wà títí dòní.

Ọkọ ọmọ wa fẹ́ wọ kilt wá sí ẹngéèjìmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kò lè wọ síkẹ́ẹ̀tì wọlé bàbá àwọn. Kí la máa ṣe? (Àbúrò bàbá, Mọ́lété)

Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Aṣọ tí wọ́n jìyà lórí ẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ará òkè Skọ́tlándì ṣọ̀tẹ̀ sí ọba tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn ní Culloden ní 1746, ìjọba ṣòfin lọ́dún yẹn kan náà pé ọkùnrin tó bá wọ̀ ọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn ò gbé òfin náà kúrò títí di 1782. Nígbà tí Ọba George IV wá sí Edinburgh ní 1822, Walter Scott yìí kan náà ló ṣètò ẹ̀, ó ní kí gbogbo èèyàn wọ tartan, aṣọ onílà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ń ṣe kilt, ọba fúnra ẹ̀ wọ kilt, látìgbà náà ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń wá tartan tiẹ̀ kiri. Àṣà pé ìdílé báyìí ló ni àwọ̀ báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ju ìgbà yẹn lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bójú tó: ó máa dọ̀bálẹ̀. Gbalaja. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Àwọn kan nínú wọn sì máa ń fọ́nnu pé àwọn kì í wọ nǹkankan sábẹ́ ẹ̀. Ẹ tètè bá a sọ ọ́ kó wọ ṣòkòtò péńpé sínú, àwọn ìyá àgbà á wà níbẹ̀.

Wọ́n ní òyìnbó kì í náwó lóde. Ṣé kí n ní kí ẹbí má wulẹ̀ ná? (Alájọ, Ọjà Ọba)

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní Skọ́tlándì àtijọ́ wọ́n ní penny wedding, àlejò ló ń dáwó tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ, tí wọ́n fi ń sanwó onílù, tó bá sì kù, tọkọtaya á fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Ó ń pọ̀ débi pé ìjọ wọn ta kò ó ní 1645 torí ariwo àti ọtí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ní 1818 David Wilkie ṣì ya àwòrán ẹ̀ kan tó lókìkí. Ní Wélìsì láyé ọjọ́un, wọ́n á rán ọkùnrin kan tó mú ọ̀pá onírìbọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kiri abúlé láti ké sí èèyàn, akọ̀wé á jókòó ti tábìlì, á máa kọ orúkọ àti iye tí kálukú mú wá, torí gbèsè ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ tìrẹ náà bá ń ṣègbéyàwó wọ́n á gbé e padà fún ọ. Ẹ̀yin alájọ ò nílò àlàyé jù báyìí lọ. Ẹ kàn rántí pé òfin CBN ti 2007 ò gbà ká máa lẹ náírà mọ́ èèyàn lórí tàbí ká máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sí àpòòwé.

Wọ́n ní ká má mú oṣù karùn-ún. Kí ló fà á? (A. O., Àpáta)

Ará Skọ́tlándì ń bẹ̀rù ẹ̀ ni, wọ́n ní ẹni tó bá gbéyàwó ní oṣù yẹn á kábàámọ̀. Ọbabìnrin wọn, Mary, fẹ́ Bothwell ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1567, kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n ti gbadé lórí ẹ̀. Ẹ mú oṣù kẹfà, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ máa bá àna jiyàn lórí ọjọ́.

Àǹtí, ẹ gbà mí. Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Aberdeen, tó máa ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, ẹnì kan fi fọ́tò ọ̀rẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n so ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n da nǹkan dúdú lé e lórí, ìyẹ́ adìyẹ wà lára ẹ̀ káàkiri, àwọn èèyàn ń lu ìkòkò. Ọmọ mi ní òun ló kàn. Ṣé kí n ké sí pọ́lìísì ibẹ̀? (Màmá Nọ́ọ̀sì, Ẹlẹ́yẹlé)

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni o, Màmá. Blackening ni wọ́n ń pè é, àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì àti àwọn erékùṣù Orkney ló ti wọ́pọ̀ jù. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló ń ṣe é kí ọjọ́ ìyàwó tó pé, èédú, oyin dúdú tó ń lẹ̀, ìyẹ̀fun, ìyẹ́, ohunkóhun tó bá ṣáà rùn, wọ́n á gbé ẹni náà káàkiri ìlú, wọ́n á máa lu páànù. Ó jọ pé inú fífọ ẹsẹ̀ ìyàwó àti ọkọ, tí wọ́n ń fi èédú àti epo pa tẹ́lẹ̀, ló ti yọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fara da ìyẹn, kò sí ohun tí ilé ọkọ máa ṣe tó máa yà á lẹ́nu. Ẹni tí wọn ò bá fẹ́ràn, wọn kì í yọ ara wọn lẹ́nu ṣe é fún.

Irun ọmọ yín ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Tó bá ti dirun ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, oyin dúdú yẹn ò ní kúrò nínú ẹ̀ láéláé, iye tí wọ́n sì ń gbà dirun níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ ní kó má dirun títí wọ́n á fi ṣe é tán, kó máa gbé fìlà nọ́ọ̀sì onírọ́bà yẹn sínú báàgì lójoojúmọ́, kó dé e wìrì tó bá ti ń gbọ́ ìró ìkòkò.